Ìwé Méjì, Ọgọ́fà Akẹ́kọ̀ọ́

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n wa olùtọ́jú ìwé, olùkọ́ yunifásítì ni mí, iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mo ń kọ́. Ní sáà tó ń bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 120 ni yóò wà ní kíláàsì mi. Ìwé kan wà tí wọn kò lè ṣe aláìkà, ẹ̀dà méjì péré ni mo sì mọ̀: ọ̀kan ní ilé ìkàwé, ọ̀kan tèmi. Lọ́dún tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan yá ti ilé ìkàwé lọ sílé, ó ń sọ ọ́ dọ̀tun lọ́sẹ̀ méjì méjì títí ìdánwò fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ṣe fọ́tókọ́pì gbogbo ìwé náà, kí aṣojú kíláàsì máa tà á. Òmíràn ní kí n ní kí wọ́n fi í sí rìsáàfù, ìyẹn ẹ̀yìn káńtà ilé ìkàwé, níbi tí wọ́n ti ń lò ó fún wákàtí díẹ̀. Báwo ni wọ́n ń ṣe é? Ṣé bí a bá ti ìwé mọ́ ẹ̀yìn káńtà, kò ní tún ṣọ̀wọ́n sí i ni?

Olùkọ́, Ìkọ̀lé-Èkìtì

ÌDÁHÙN

Olùkọ́ wa, ìbéèrè yín tó kẹ́yìn ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ olùkọ́ dé ọ̀dọ̀ wa rárá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí wọ́n bá ń yá ìwé lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì méjì, tí ẹ̀dà méjì sì wà fún 120 akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní láti kan ènìyàn 60. Ọ̀sẹ̀ 120 nìyẹn. Ó ju ọdún méjì lọ, bẹ́ẹ̀ oṣù díẹ̀ ni sáà kan. Wàyí o, ká ní ẹ̀yìn káńtà ni ìwé náà wà, tí ẹnì kan kò lè lò ó ju wákàtí méjì lọ, tí ilé ìkàwé sì ń ṣí láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀dà kan yóò kan ènìyàn 5 lójúmọ́, méjèèjì yóò kan 10. Kí ọjọ́ iṣẹ́ 12 tó pé, gbogbo wọn ti fojú kàn án. Ìwé kò pọ̀ sí i o. Wákàtí la pín.

Àwọn bàbá wa mọ èyí lóko. Ẹni tó wà nínú àáró kì í rí ọwọ́ ẹgbẹ́ gbà lójoojúmọ́. Ọjọ́ tó bá kàn án ni gbogbo wọn ń wá. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́, oko ẹlòmíràn ni wọ́n wà. Rìsáàfù ni àáró ìwé. Kì í ṣe tuntun pẹ̀lú: láti àwọn ọdún 1870 ni wọ́n ti ń ya ìwé sọ́tọ̀ báyìí fún kíláàsì ní Harvard ní Amẹ́ríkà. Nílé níbí, àwọn tó jáde ní Ìbàdàn tàbí ní Ifẹ̀ yóò rántí bí wọ́n ṣe ń tò sídìí káńtà bí ìdánwò bá ti ń súnmọ́.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é rèé. Bí ó bá ku oṣù kan sí oṣù kan àbọ̀ kí sáà bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ àkójọ ìwé yín, kí ẹ gbé e lọ bá olùtọ́jú ìwé tó ń bójú tó ìyálò. Ẹ má dúró dìgbà tí kíláàsì bá bẹ̀rẹ̀. Ó ní láti wo orí pẹpẹ bóyá ìwé náà wà níbẹ̀. Bí ó bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ó ní láti pè é padà. Ó ní láti yí àkọsílẹ̀ rẹ̀ padà, kó sì lẹ àmì mọ́ ọn. Ẹ kọ orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé, ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kóòdù iṣẹ́ yín, iye akẹ́kọ̀ọ́, àti nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwé. Tiyín yóò sábà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S, torí lẹ́tà yẹn ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀ nínú ètò Library of Congress tí ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ń lò. SB ni ti irúgbìn.

Ẹ jẹ́ kí àkójọ náà kúrú. Mo ti gba àkójọ ogójì ìwé rí lọ́wọ́ olùkọ́ kan. Mẹ́ta péré ni akẹ́kọ̀ọ́ béèrè títí sáà fi parí, mẹ́tàdínlógójì yòókù wà ní àhámọ́ lásán, ẹni tó fẹ́ yá wọn kò sì rí wọn yá. Ìwé tí ẹ ó fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tàbí ìdánwò nìkan ni kí ẹ kọ.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yan àkókò. Wákàtí méjì dára fún ìwé tí gbogbo kíláàsì ń lé. Èyí tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dù, ẹ lè ní kí wọ́n máa gbé e lọ mọ́jú: bí ilé ìkàwé bá fẹ́ tì, wọ́n gbé e, bí ó bá ṣí láàárọ̀, wọ́n dá a padà. Káàdì ìdánimọ̀ ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ nídìí káńtà, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè jẹ́ ti wákàtí, kì í ṣe ti ọjọ́.

Ní ti ẹ̀dà tiyín, ẹ lè yá ilé ìkàwé, ṣùgbọ́n ẹ gba ìwé ẹ̀rí, kí ẹ sì ka ojú ewé kí ẹ tó fi sílẹ̀. Mo ti fi ìwé tèmi sí rìsáàfù rí níbì kan. Nígbà tó padà wálé, bíléèdì ti gé orí kẹrin kúrò féfé, bí ẹni gé ewé ẹ̀kọ. Láti ọjọ́ náà, bí orí kan ni wọ́n nílò, fọ́tókọ́pì orí yẹn ni mò ń gbé sílẹ̀.

Èyí ló mú wa dé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, fàyè gba ìlò tó bójú mu. Ohun mẹ́rin ni yóò sì wò: kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe, irú iṣẹ́ wo ni, báwo ni ohun tí ẹ dà kọ ṣe pọ̀ tó, ṣé yóò sì pa ọjà ẹni tó ni ín. Orí kan tí a gbé sí káńtà lọ́fẹ̀ẹ́ rọrùn láti gbèjà. Odindi ìwé tí aṣojú kíláàsì ń tà kọsẹ̀ lórí púpọ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ẹ̀kọ́ lè gba àṣẹ lọ́dọ̀ REPRONIG, ẹgbẹ́ tó ń gba owó àdàkọ fún àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn atẹ̀wé. Kí ẹ má sì rò pé ìwé tó ti pẹ́ ti di ọ̀fẹ́. Ọdún 70 lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé ni òfin ń kà: Fágúnwà kú ní 1963, ó di òpin 2033 kí ẹ̀tọ́ àwọn ìwé rẹ̀ tó tán.

Ohun ọ̀fẹ́ tó tọ́ wà ṣá. IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ní ọ̀pọ̀ ìwé lórí ẹ̀gẹ́, iṣu àti ẹ̀wà tí ẹnikẹ́ni lè gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ ọ̀gbìn àgbáyé, náà dá AGORA sílẹ̀ ní 2003 kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lè ka jọ́nà iṣẹ́ àgbẹ̀; ilé ìkàwé ni ẹ ó ti béèrè. Ẹ gba PDF wọn sórí kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé, kí ọmọ má baà jó dátà kó tó kàwé.

Ẹ kò dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ yín. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọgbà méjì lẹ ní, bíi Federal University Oye-Ekiti tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2011, tí ọgbà rẹ̀ wà ní Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé, ẹ má jẹ́ kí ìwé kan ṣoṣo máa wọkọ̀ láàárín wọn. Níbi tí àwọn ọmọ yín pọ̀ sí ni kí odindi ìwé jókòó sí. Kí fọ́tókọ́pì orí tí wọ́n nílò wà ní ìkejì.

Lọ́jọ́ kíláàsì àkọ́kọ́, ẹ kọ ọ́ sójú ìwé ètò ẹ̀kọ́ yín: ìwé wo, nọ́ńbà wo, wákàtí mélòó. Bí sáà bá parí, ẹ ní kí wọ́n dá a padà sórí pẹpẹ.

Kí ẹ sì forí ji ọmọ tó gbé ìwé lọ sílé lọ́dún tó kọjá. Kò jí i. Òfin ilé ìkàwé fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó lò ó, ó sì tún un gbà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nídìí káńtà, kò sẹ́ni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un. Yóò bojú wẹ̀yìn, yóò rí wọn.