Ọ́ìlì Búrèkì Náà Ń Gbó

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kó ìrẹsì Ìgbẹmọ lọ sí Adó, ẹ ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì déédéé. Ti búrèkì ńkọ́? Tó bá lọ sílẹ̀, ẹ ó kàn bu díẹ̀ kún un. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí, títí di ọjọ́ tí mò ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tí ẹsẹ̀ mi rì wọlẹ̀ bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Jíà kìíní ló kó mi yọ.

Ọ́ìlì búrèkì máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra. Irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DOT 4, bó bá jẹ́ tuntun, kì í hó kó tó dé 230°C. Tí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè hó ní 155°C; ìyẹn ló mú ẹsẹ̀ mi rì. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún 2-2. Irú tí wọ́n kọ sára ìdérí agolo ọ́ìlì búrèkì ọkọ̀ yín ni kí ẹ rà, èyí tí a kò tíì ṣí. (Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kọ́ o! Ó ń ba rọ́bà jẹ́.)

Ẹ fa dúdú inú agolo jáde, ẹ rọ tuntun sí i, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti táyà tó jìnnà sí i jù. Ẹnì kan á tẹ búrèkì mọ́lẹ̀, ẹnì kejì á tú nọ́ọ̀tì kékeré tí ọ́ìlì ń gbà jáde níbi búrèkì táyà náà, á sì dì í kí ẹsẹ̀ tó gbéra, títí tí ọ́ìlì tó ń jáde yóò fi mọ́, tí kò ní hó fọ́ọ̀mù mọ́. Agolo ò gbọdọ̀ gbẹ. Bó bá ta sára ọ̀dà ọkọ̀, ẹ yáa fi omi ṣàn án.