Wàrà Òkè-Ògùn: Ìdí Tí Kì Í Fi Í Yọ́ Nínú Epo Gbígbóná

Kí á tó wọ inú ọ̀rọ̀ wàrà, ó yẹ kí á yanjú orúkọ rẹ̀ ná. Nínú Bíbélì Yorùbá, mílíìkì ni à ń pè ní wàrà. Wàràkàsì ni wọ́n pe èyí tí ó ti dì. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ní kí wọ́n ta wàrà fún òun ní ọjà Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, èyí tí ó dì ni wọn yóò bù fún un. Òun náà ni mo ń sọ níhìn-ín.

Àwọn obìnrin Fúlàní tí ó wà ní gàá káàkiri Òkè-Ògùn ni ó mọ iṣẹ́ yìí jù. Wọn a gbé mílíìkì màlúù ka iná tí kò le. Wọn a gún ewé bòmùbomù, wọn a fi mílíìkì díẹ̀ pò ó, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a sì da omi rẹ̀ sínú ìkòkò. Oje ewé yìí ní ẹ́ńsáìmù tí ó ń gé èròjà amúaradàgbà tí a ń pè ní kasíìnì, tí kasíìnì yóò fi so mọ́ra tí mílíìkì yóò sì dì. Lẹ́yìn èyí ni wọn a kóná sí i títí yóò fi hó. Híhó yìí ṣe pàtàkì: ó ń pa agbára ẹ́ńsáìmù náà, nítorí bí ó bá ń gé e lọ, wàrà yóò korò. Ó tún ń mú kí àwọn èròjà amúaradàgbà tí ì bá bá omi lọ lẹ̀ mọ́ èyí tí ó ti dì. Apẹ̀rẹ̀ kéékèèké ni wọ́n ń bù ú sí kí omi ro, ipa apẹ̀rẹ̀ a sì máa hàn lára rẹ̀. (Kí ẹnikẹ́ni má fi oje bòmùbomù ṣeré o, bí ó bá ta síni lójú, ó lè ba ojú jẹ́.)

Wàrà tuntun funfun, ó le díẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ń dún lábẹ́ eyín. Adùn rẹ̀ rọra. Kò níyọ̀, kò sì kan. Àìkan yìí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ wàràkàsì òyìnbó ni kòkòrò àìfojúrí ti mú kan, tí ìkan náà sì ti yọ púpọ̀ kúrò nínú kálísíọ̀mù tí ó so kasíìnì pọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yọ́ lórí iná. Kálísíọ̀mù ti wàrà wà níbẹ̀ ṣinṣin. Nínú epo gbígbóná, ẹ̀yìn rẹ̀ a pọ́n, inú rẹ̀ a sì dúró.

Àbùkù rẹ̀ ni pé omi ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ, nítorí náà kì í pẹ́ bàjẹ́. Bí a tilẹ̀ rì í sínú omi ara rẹ̀, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni yóò lò kí ó tó máa yọ̀ kí ó sì máa rùn. Àwọn ará erékùṣù Kípírù ní irú rẹ̀ kan, halloumi, tí òun náà kì í yọ́. Omi iyọ̀ ni wọ́n ń rì í sí, ó sì ń lo oṣù púpọ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní wàgàsì, wọn a máa tún un sè, wọn a máa sá a sóòrùn, wọn a sì máa fi èèpo ọkà bàbà pa á láró pupa. Lójú tèmi, títúnsè yìí ló bá àwa mu jù, nítorí iyọ̀ púpọ̀ yóò gba adùn tí ará Ṣakí ń wá. Títí di ìsinsìnyí, dídín ni ọ̀nà àbáyọ tí ó wọ́pọ̀ jù: èyí tí kò bá tà lọ́sàn-án, wọn a gé e, wọn a dín in, wọn a sì fi ata sí i lálẹ́ ọjọ́ náà.