Bí Orúkọ Nọ́ọ̀sì Ṣe Wọ Inú Ìwé

Ẹ kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ yìí sókè: nọ́ọ̀sì. Gbogbo wa la mọ ẹni tí à ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti yá ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn pàápàá, ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ kọ́ ló kọ́kọ́ ń jẹ́ ẹ. Obìnrin tó ń fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́mú ni. Alágbàtọ́ ni, ká sọ ọ́ lédè tiwa. Ọ̀nà jìn láàárín alágbàtọ́ àti ẹni tó lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì kí wọ́n tó fún un níwèé àṣẹ. Ọ̀nà yẹn la fẹ́ tọ̀ nínú orí yìí.

Kò sí ìlú tí wọn kì í tọ́jú aláìsàn. Nílẹ̀ Yorùbá, bí ara ẹnìkan bá gbóná, ìyá rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀ ni yóò fi omi nù ún lára, tí yóò po ẹ̀kọ mímu fún un, tí yóò sì máa wò ó bóyá ó ń làágùn. Aboyún ní agbẹ̀bí tirẹ̀. Ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, ará ilé rẹ̀ kan á sì tẹ́ ẹní tì í níbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì gba ọgbọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gba owó oṣù lórí rẹ̀. Iṣẹ́ ilé ni wọ́n kà á sí, bí ẹni ń dáná. Títí di òní, ẹ dé ọgbà ilé ìwòsàn ńlá lálẹ́, ẹ ó rí àwọn ará ilé aláìsàn lórí ẹní. Àwọn nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ wa nìyẹn. Wọn ò tíì kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, olówó kì í lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ló ń wá bá a nílé. Tálákà ló ń lọ, ojú ọmọ-ọ̀dọ̀ ni ará ìlú sì fi ń wo àwọn obìnrin tó ń tọ́jú wọn níbẹ̀. Wọ́n ní ọ̀mùtí ni wọ́n. Àwọn kan jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àwọn kan ò jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ burúkú kan náà ló lẹ̀ mọ́ gbogbo wọn. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ olówó kan tó ń jẹ́ Florence Nightingale sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé iṣẹ́ yìí lòun fẹ́ ṣe, ilé dàrú. Wọ́n bí i ní 1820. Ó ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún kó tó ráyè lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta ní Kaiserswerth, nílẹ̀ Jámánì.

Ní 1854, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gbógun ti Rọ́ṣíà ní Crimea. Wọ́n ń kó àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì tó fara gbọgbẹ́ lọ sí Scutari, nílẹ̀ Tọ́kì, níbi tí wọ́n ti sọ bárékè ńlá kan di ilé ìwòsàn. Ìjọba ní kí Florence kó obìnrin méjìdínlógójì lọ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n bá eku, wọ́n bá kòkòrò iná nínú aṣọ aláìsàn, wọ́n sì bá kòtò ẹ̀gbin tó dí pa lábẹ́ ilé. Ọta ìbọn á ba sójà lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ á fẹ́ máa jiná, onígbáméjì tàbí ìgbẹ́ ọ̀rìn á wá pa á. Àwọn tí àrùn pa níbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tí ọgbẹ́ ogun pa lọ.

Florence ní kí wọ́n fọ ilẹ̀, kí wọ́n fọ aṣọ, kí wọ́n se oúnjẹ tí aláìsàn lè jẹ. Lálẹ́, á gbé àtùpà, á máa rìn láti ibùsùn kan dé èkejì. Àtùpà yẹn ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Lójú tèmi, gègé ìkọ̀wé ló yẹ ká fi mọ̀ ọ́n. Ó ṣe tán, àtùpà kọ́ ló lé ikú lọ. Ní March 1855, ìjọba rán àwọn tó mọ̀ nípa ìmọ́tótó wá láti kó ẹ̀gbin inú kòtò náà dànù, ìgbà yẹn ni ikú tó dín kù gan-an. Nígbà tí Florence padà sílé, ó kó iye òkú jọ, ó to ohun tó pa wọ́n lóṣooṣù, ó sì ya á ní àwòrán aláwọ̀ mẹ́ta kí àwọn aláṣẹ lè fojú rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ìṣirò ń fún yín ní orí fífọ́, ẹ gbọ́ o: ìṣirò ni obìnrin yìí fi bá ìjọba jà, ìjọba sì gbọ́. Ní 1858, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò ìlú Lọ́ńdọ̀nù gbà wọlé.

Obìnrin kan tún wà lójú ogun yẹn tí kò yẹ ká gbàgbé. Mary Seacole ni, ọmọ Jàmáíkà. Lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ewé àti egbò, ó sì ti tọ́jú onígbáméjì rí. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kó òun mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ, wọn ò gbà. Ló bá fi owó ara rẹ̀ wọkọ̀ ojú omi, ó lọ kọ́ ilé sí ẹ̀bá ojú ogun, ó ń ta oúnjẹ, ó sì ń di ọgbẹ́.

Ní 1860, Florence fi owó tí àwọn ará ìlú dá dá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tó jáde níbẹ̀ tàn káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n wàhálà kan ṣì kù. Ẹnikẹ́ni lè wọ aṣọ funfun kó ní nọ́ọ̀sì lòun. Báwo ni aláìsàn ṣe máa mọ ẹni tó kọ́ṣẹ́? Àwọn kan ní kí ìjọba ṣí ìwé orúkọ, èyí tí à ń pè ní rẹ́jísítà: ẹni tó bá yege ìdánwò nìkan ni orúkọ rẹ̀ á wọ ibẹ̀. Ẹ ó rò pé inú Florence á dùn sí i. Rárá o! Ó ní ìdánwò kò lè wọn ìwà. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ kò ráyè máa wádìí ìwà ẹni tó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. New Zealand ló kọ́kọ́ ṣòfin ìwé orúkọ nọ́ọ̀sì, ní 1901. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tiwọn ní 1919, lẹ́yìn tí Ethel Bedford Fenwick ti jà fún un fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n kọ ṣe ìkínní.

Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn oníwàásù ló kó ilé ìwòsàn wọ ọ̀pọ̀ ìlú. Fadá Coquard, ará Faransé, dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1895. Àwọn onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907, àwọn Wẹ́sílì sì dé Iléṣà. Ẹnu iṣẹ́ ni àwọn nọ́ọ̀sì wa àkọ́kọ́ ti kọ́ ọ: wọ́n ń di ọgbẹ́, wọ́n ń bu oògùn, wọ́n ń fọ àwo. Ọdún 1947 ni òfin ìwé orúkọ nọ́ọ̀sì dé Nàìjíríà.

Ọdún tó ṣáájú èyí ni Kòfówórọlá Àbẹ̀ní Pratt lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1915. Láti kékeré ló ti fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, bàbá rẹ̀ ò sì gbà, gẹ́gẹ́ bí bàbá Florence náà ò ṣe gbà. Ó ṣe tíṣà, ó lọ́kọ, ó bímọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wá lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun náà wọ ilé ẹ̀kọ́ tí Florence dá sílẹ̀ ní St Thomas'. Aláìsàn kan wà níbẹ̀ tó ní òun ò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú fọwọ́ kan òun. Kòfówórọlá kò kúrò. Ó yege, ó sì wà lára àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ nínú ètò ìlera ọ̀fẹ́ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní 1948.

Ó padà wálé ní 1954, ó sì bá ìyà mìíràn nílé. Àwọn òyìnbó ni wọ́n ń fi ipò sísítà, ìyẹn olórí nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù, sílẹ̀ fún. Ọmọ ìlú, pẹ̀lú ìwé kan náà lọ́wọ́, kó dúró sísàlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kó tó di 1965, òun ni mátírónì, ìyẹn ọ̀gá gbogbo nọ́ọ̀sì, ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga náà. Ní 1965 kan náà, ó di olórí nọ́ọ̀sì fún gbogbo orílẹ̀-èdè, Yunifásítì Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ní 1973, àwọn Red Cross fún un ní àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fi orúkọ Florence Nightingale sọ. Ó kú ní 1992.

Ìwé orúkọ tí à ń sọ yìí ló tún dá ìjà sílẹ̀ láìpẹ́ yìí. Bí nọ́ọ̀sì wa bá fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà, àjọ tó ń tọ́jú ìwé náà ní Nàìjíríà ni àwọn ará ibẹ̀ yóò kọ lẹ́tà sí pé ṣé lóòótọ́ ni orúkọ ẹni yìí wà lọ́dọ̀ yín. Ní February 2024, àjọ náà ní àwọn ò ní dáhùn àfi tí nọ́ọ̀sì bá ti fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ nílé lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn ní Èkó àti Àbújá. Wọ́n ní owó oṣù tó kéré àti iṣẹ́ àṣekú ló ń lé àwọn, pé kí wọ́n tún ìyẹn ṣe ná. Èmi ò rí ibi tí wọ́n ti jẹ̀bi. Ẹni tó ń tọ́jú àádọ́ta aláìsàn lóru kan, tí kò sì lè san owó ilé, ilẹ̀kùn títì kọ́ ni yóò dá a dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń mọ̀wé kà báyìí, bí ẹ bá tún dé ilé ìwòsàn, ẹ wo àyà nọ́ọ̀sì yín. Ẹ ó rí orúkọ rẹ̀, ẹ ó sì rí lẹ́tà méjì tàbí mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. RN ni nọ́ọ̀sì, RM ni agbẹ̀bí, RPHN sì ni nọ́ọ̀sì ìlera àwùjọ. Lẹ́tà R tó ṣáájú nínú gbogbo wọn, ohun tó ń sọ ni pé orúkọ onítọ̀hún wà nínú ìwé. Ẹ kà á sókè, kí ẹ sì fi orúkọ náà kí i.