Fóònù ilé àbí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan? Ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ti Ajégúnlẹ̀ dé Ìlú Ọba

Ajégúnlẹ̀ tí mo ń wí kì í ṣe ti Àpápá. Tiwa ni èyí tó wà lọ́nà Ìkòròdú, téèyàn bá ti kọjá Mile 12 àti Owódé Onírin. Láyé NITEL, iléeṣẹ́ tẹlifóònù tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1985, ohun ọlọ́lá ni fóònù oníwáyà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun á wọkọ̀ lọ sí Kétu, á jókòó sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, á máa retí kí ìpè wọlé. Nígbà tí GSM dé ní 2001, abẹ́ agboòrùn ẹ̀bá títì lọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ fi fóònù alágbèéká pe èèyàn. Kò pẹ́ tí síìmù fi di ti tolówó ti tálákà. Bí a ṣe fo fóònù ilé kọjá nìyẹn.

Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ fi máa ń rú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba lójú, tí ẹni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì bá bi í pé: “Ṣé ẹ ó fi fóònù ilé kún un?” Ẹlòmíì á gbà á nítorí iyì. Ẹlòmíì á ní òun ò fẹ́, láìronú. Ìmọ̀ràn mi ni pé íntánẹ́ẹ̀tì nìkan tó fún èyí tó pọ̀ jù nínú wa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dáhùn, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ta ló máa ń dá wà nínú ilé yìí, kí ni yóò sì fi pe ìrànlọ́wọ́ lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀?

Fóònù ilé ti àtijọ́ ń kógbá sílé

Wáyà bàbà tó ti ń gbé ohùn èèyàn kiri ní Bìrìtéènì látọjọ́ pípẹ́ ti fẹ́ẹ̀ parí iṣẹ́. Ìparí ọdún 2025 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí. Nígbà tó di 2024, wọ́n sún un sí ìparí oṣù Kíní ọdún 2027, pàápàá nítorí àwọn arúgbó àtàwọn aláìlera tí ẹ̀rọ ìkìlọ̀ wọn so mọ́ wáyà náà. Látoṣù Kẹsàn-án 2023 ni Openreach, tó ni èyí tó pọ̀ jù nínú wáyà náà, ti ṣíwọ́ títa irú rẹ̀ fún oníbàárà tuntun.

Nítorí náà, fóònù ilé tí wọ́n bá tà fún yín lónìí, ẹ̀yìn ràútà íntánẹ́ẹ̀tì ni wọn yóò ti kì í bọ̀ ọ́. Ìyàtọ̀ ńlá ni èyí. Wáyà àtijọ́ máa ń gba iná tirẹ̀ láti iléeṣẹ́ tẹlifóònù, ìyẹn ló jẹ́ kí fóònù máa dún nígbà tí gbogbo ilé ṣókùnkùn. Ti ìsinsìnyí ò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ, ràútà kú. Bí ràútà bá kú, fóònù ilé náà kú.

Bí iná bá lọ ńkọ́?

Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ò ní láti kọ́ ẹ̀kọ́ iná tó ń lọ. Nílé, a ní tọ́ọ̀ṣì, a ní jẹnẹrétọ̀, a sì máa ń tètè fi iná sí fóònù bí NEPA bá ti mú iná dé. Ní Ìlú Ọba, iná kì í sábà lọ, ìyẹn ni ò fi sẹ́ni tó ń múra sílẹ̀. Ẹ má gbàgbé àṣà ilé. Ẹ ní páwà báńkì kan tó kún nígbà gbogbo. 105 ni nọ́ńbà tí ẹ ó pè tí iná bá lọ. 999 ni ti ọlọ́pàá, panápaná àti ọkọ̀ aláìsàn.

Ofcom, àjọ tó ń ṣàbójútó àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù, ti là á kalẹ̀ pé ẹni tó gbára lé fóònù ilé nìkan gbọ́dọ̀ lè pe 999 fún wákàtí kan, ó kéré tán, lẹ́yìn tí iná bá lọ. Bí ó bá kàn yín, ẹ béèrè fún bátìrì ìrànwọ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ yín.

Ìyá tó wá wo ọmọ

Ẹ fojú inú wo ìyá tó ti Ajégúnlẹ̀ wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni, tọkọtaya ti lọ síbi iṣẹ́. Fóònù wà lọ́wọ́ ìyá, ṣùgbọ́n WhatsApp orí Wi-Fi nìkan ló mọ̀ ọ́n lò. Bí ọmọ bá dákú mọ́ ọn lọ́wọ́, WhatsApp kì í pe 999. Bó bá tiẹ̀ rí 999 pè, wọ́n á béèrè àdírẹ́sì, kò sì mọ̀ ju “ilé ọmọ mi” lọ.

Kò dìgbà tí ẹ bá san owó fóònù ilé kí ìṣòro yìí tó yanjú. Ẹ ra fóònù kékeré onítẹ̀, kí ẹ fi síìmù ilẹ̀ yìí sí i, kí ẹ gbé e síbi kan ṣoṣo tí kì í kúrò, kí iná sì máa wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ 999, nọ́ńbà ilé, orúkọ òpópónà àti postcode gàdàgbà sórí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè fóònù náà. Ẹ jẹ́ kí ìyá kà á sókè létí yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ́ ọ kó sọ pé “Yoruba, please”, kí wọ́n lè wá ògbufọ̀ fún un.

Ẹni tí kò gbọdọ̀ fi fóònù ilé sílẹ̀ wẹ́rẹ́

Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ìbátan tó ti dàgbà lẹ ń gbé, tó gbé bọ́tìnì ìkìlọ̀ kọ́rùn, ẹ má fọwọ́ kan fóònù ilé rẹ̀ àyàfi tí iléeṣẹ́ tó ni bọ́tìnì náà bá ti jẹ́rìí sí i pé yóò ṣiṣẹ́ lórí ètò tuntun. Ilé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì alágbèéká kì í wọ̀ náà gbọ́dọ̀ rò ó dáadáa.

Bí ẹ bá fẹ́ kí nọ́ńbà fóònù ilé wà síbẹ̀, ẹ má fúnra yín gé e. Iléeṣẹ́ tuntun ni kí ẹ ní kó bá yín gbé e kọjá, nítorí bí ẹ bá ti pa á rẹ́, ó lè má ṣeé gbà padà mọ́.

Owó àti àdéhùn

Àdéhùn oṣù 18 tàbí 24 ló wọ́pọ̀, owó ìtanràn sì wà fún ẹni tó bá jáde ṣáájú àkókò. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè kó kúrò ní yàrá láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ béèrè fún àdéhùn olóṣù kan, tàbí ràútà tó ń lo síìmù, pàápàá bí wọ́n bá kọ̀ yín nítorí pé ẹ ò tíì ní àkọsílẹ̀ gbèsè nílẹ̀ yìí. Fún àdéhùn tí ẹ bá ṣe látọjọ́ 17 oṣù Kíní 2025, iye pọ́n-ùn àti pẹ́ńsì tí owó yóò fi lé gbọ́dọ̀ hàn kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Íntánẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú wà fún àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba bíi Universal Credit; ṣùgbọ́n bí físà yín bá ní ẹ ò gbọdọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ẹ má tìtorí rẹ̀ béèrè fún owó náà. Ó lè ba físà yín jẹ́.

Ilé ńkọ́?

Ẹ má tìtorí àtimáa pe Ajégúnlẹ̀ gba fóònù ilé. WhatsApp ti gba iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní oṣù Kẹwàá 2010, nígbà tí wọ́n tú omi ìsédò Ọ̀yán sílẹ̀, tí odò Ògùn sì kún, omi lé èèyàn kúrò nínú ilé wọn ní Ajégúnlẹ̀. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, dátà ìyá yín lè tán, fóònù rẹ̀ sì lè bómi lọ. Ẹ gba nọ́ńbà aládùúgbò méjì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn yàtọ̀ síra, kí owó ìpè tààrà sì máa wà lórí síìmù yín.

Ẹ̀yin ará, owó fóònù ilé tí ẹ ò san, ẹ fi ra fóònù kékeré yẹn àti páwà báńkì. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ kọ àdírẹ́sì ilé yín sórí ìwé, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.