Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ KÁMẸ́RÀ KÉKERÉ: BỌ́TÌNNÌ WO NI YÓÒ JẸ́ KÍ OJÚ ÈNÌYÀN HÀN?

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wọ́límọ̀ àti yìgì, ẹ̀sùn kan náà ni a máa ń gbọ́. Fótò pọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ojú ìyàwó ṣókùnkùn débi pé a kò rí ẹyinjú rẹ̀, aṣọ funfun tí ó wọ̀ sì dà bí ẹni pé wọ́n bu eérú sí i. Wọn a ní kámẹ́rà náà kò dára. Ní tiwa, a rí i pé kámẹ́rà kọ́ ni ó máa ń jẹ̀bi ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ẹni tí ó gbé e lọ́wọ́ ni kò tíì mọ ohun tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan wà fún. Ọjọ́ yìgì kì í sì í ṣe ọjọ́ tí a lè pè padà kí a tún fótò rẹ̀ yà, ìdí nìyí tí a fi ya ẹ̀kọ́ oṣù yìí sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà.

Àpẹẹrẹ tí a ó lò ni Canon PowerShot A570 IS, tí ilé-iṣẹ́ Canon ti ilẹ̀ Jàpáánì gbé jáde ní ọdún 2007 fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ irú rẹ̀ ṣì ṣeé rí rà, owó rẹ̀ kò sì tó ti àwọn ńláńlá tí àwọn oníṣẹ́ fótò ń gbé kọ́rùn. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni a tún fẹ́ fi èyí ṣe nígbà tí fóònù wà. Fóònù ń ya fótò dáadáa, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n fóònù máa ń dá ìpinnu ṣe láìsọ fún ẹni tí ó dì í mú. Èyí tí a ń wí yìí ń fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn ní gbangba, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n lò, kò ní ṣòro fún un láti mọ òmíràn lò lọ́la.

YÀRÁ ÒKÙNKÙN KÉKERÉ

Kámẹ́rà kò ju yàrá òkùnkùn tí a lu ihò sí lára lọ. Al-Hasan ibn al-Haytham, onímọ̀ tí wọ́n bí sí Basra ní nǹkan bí ọdún 965, ti ṣe àlàyé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba ihò tóóró wọ yàrá tí ó ṣókùnkùn, tí àwòrán oòrùn yóò sì hàn lára ògiri. Nínú kámẹ́rà wa yìí, lẹ́ǹsì ni ó wà ní ojú ihò náà. Ibi tí fíìmù ń wà nínú kámẹ́rà àtijọ́, pátákó pẹlẹbẹ kan ni ó wà níbẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó mìlímítà 6, ojú tíntìntín tí ń gba ìmọ́lẹ̀ lára rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 7. Ẹ fi èyí sọ́kàn: nǹkan tí ó kéré báyìí, ebi ìmọ́lẹ̀ kì í pẹ́ pa á. Nínú oòrùn, fótò rẹ̀ a dán. Nínú gbọ̀ngàn tí gílóòbù kò pọ̀, ìyà a máa jẹ ẹ́.

Ẹ gbé e sí ọwọ́ ọ̀tún. Ibi tí ó wú síta tí ìka yín dì mú, ibẹ̀ ni bátìrì AA 2 jókòó sí, irú èyí tí a ń fi sí aago ara ògiri. A fẹ́ràn èyí púpọ̀, nítorí bí bátìrì bá kú láàárín ètò, ẹ lè rí òmíràn rà ní ìsọ̀ ìtòsí. Ṣùgbọ́n ẹ má ra bátìrì olówó pọ́ọ́kú o. Fíláàṣì a fà á gbẹ láìpẹ́. Alkaline ni kí ẹ rà, tàbí èyí tí a ń ṣáàjì tí wọ́n kọ NiMH sí lára, ẹ má sì po tuntun mọ́ ògbólógbòó.

Lókè ni bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án wà, àti rìbìtì kan tí a ń yí, àti bọ́tìnnì ńlá tí a fi ń ya fótò. Òrùka tí ó yí bọ́tìnnì ńlá yìí ká ni súùmù. Bọ́tìnnì ńlá náà ní ìpele méjì, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, kámẹ́rà yóò wá ohun tí ẹ fẹ́ yà, yóò wọn ìmọ́lẹ̀, àpótí aláwọ̀ ewé yóò sì hàn lójú síkírìnì níbi tí ó ti ríran kedere. Ìgbà náà ni kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ délẹ̀. Ẹni tí ó bá gbá a mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò fún un láyè láti ríran. Bí àmì ọwọ́ tí ń gbọ̀n bá jáde, ó ń sọ fún yín pé ìmọ́lẹ̀ kò tó, ojú òun yóò pẹ́ ní ṣíṣí, bí ọwọ́ yín bá sì mì, fótò yóò ṣe bàìbàì. Lẹ́tà IS inú orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí pé lẹ́ǹsì rẹ̀ lè bá yín gbé díẹ̀ nínú ìgbọ̀n ọwọ́ yẹn. Kò lè dá ọmọdé tí ń sáré dúró o.

Ẹ KÚRÒ LÓRÍ AUTO

Lára rìbìtì yẹn, ẹ ó rí AUTO, P, Tv, Av, M, àti àwọn àwòrán kéékèèké. Tv jẹ́ kí ẹ yan bí ojú kámẹ́rà yóò ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí. Av jẹ́ kí ẹ yan bí ihò yóò ṣe fẹ̀ tó. M fi méjèèjì lé yín lọ́wọ́. Wọ́n dára, ṣùgbọ́n wọ́n lè dúró de ọjọ́ mìíràn. P ni a fẹ́ kí ẹ lò. Lórí P, kámẹ́rà ṣì ń ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà kí ẹ tún un ṣe. Lórí AUTO, kò gbà. Ilẹ̀kùn tí a fẹ́ gbà wọlé, ó ti tì í.

Ilẹ̀kùn náà ni àmì +/-. Lára irú kámẹ́rà kékeré báyìí, òmíràn ní bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́tọ̀ lẹ́yìn. Lára òmíràn, ẹ ó tẹ FUNC./SET kí ẹ tó rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ láti -2 títí dé +2. Kí ni ó wà fún? Kámẹ́rà kò mọ aṣọ yàtọ̀ sí ògiri. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń wọ̀n, ó sì gbà pé ohun gbogbo tí ó wà níwájú òun, bí a bá pò ó pọ̀, kò yẹ kí ó funfun, kò sì yẹ kí ó dúdú. Àwọ̀ eérú ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ẹ wá wo ìyàwó tí ó wọ híjáàbù funfun, ọkọ rẹ̀ wọ jálàbíà funfun, ògiri ẹ̀yìn wọn náà funfun. Kámẹ́rà wò ó, ó ní ìmọ́lẹ̀ yìí ti pọ̀ jù, ó sì dín in kù. Funfun di eérú. Ojú tọkọtaya, tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú tẹ́lẹ̀, wọ inú òkùnkùn lọ. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún un pé funfun ni ẹ rí: ẹ sún un sí +2/3 tàbí +1, ojú yóò jáde, aṣọ yóò sì padà sí funfun.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Bí àwọn arábìnrin bá wọ abáyà dúdú níwájú aṣọ ìkélé tí ó ṣú, kámẹ́rà yóò rò pé ilẹ̀ ti ṣú, yóò bu ìmọ́lẹ̀ kún un, ojú wọn yóò sì máa dán bí ẹni tí a da òróró sí lórí. Ẹ sún un sí -2/3. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ èyí máa ń rò pé a ṣì í sọ: ibi tí ó funfun, ẹ fi kún un, ibi tí ó dúdú, ẹ dín in kù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Ẹ má gbàgbé láti dá a padà sí 0 nígbà tí ẹ bá kúrò níbẹ̀.

Kámẹ́rà yìí tún lè wá ojú ènìyàn fúnra rẹ̀ kí ó sì fi ojú náà wọn ìmọ́lẹ̀. Ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e. Bí ẹni náà bá kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, tàbí tí ó jẹ́ ẹlẹ́hàá, ó lè má rí i rárá.

SÚÙMÙ ÀTI FÍLÁÀṢÌ

Súùmù rẹ̀ ń fa nǹkan súnmọ́ ní ìlọ́po 4. Nígbà tí ẹ kò fà á rárá, ihò lẹ́ǹsì fẹ̀ dé f/2.6, bí ẹ bá fà á dé òpin, f/5.5 ni. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò ń kéré sí i, ìmọ́lẹ̀ tí ń wọlé kò sì ní tó ìdá kan nínú mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, nínú gbọ̀ngàn, ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn tí ẹ fẹ́ yà kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ yín súnmọ́ wọn. Bí ẹ bá fà á kọjá ìlọ́po 4, lẹ́ǹsì ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Ńṣe ni kámẹ́rà kàn ń gé fótò tí ó ń fẹ̀ ẹ́. Inú MENU ni ẹ ti lè pa ìyẹn.

Fíláàṣì rẹ̀ kò tàn ju bíi mítà 3 lọ. A ti rí ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá tí ó ń fi fíláàṣì ya oníwàásù. Fìlà àwọn tí ó jókòó níwájú rẹ̀ nìkan ni ó tàn sí. Bí ó bá jìnnà, ẹ pa fíláàṣì, ẹ gbé ISO sí 400, ẹ fi ìgúnpá ti nǹkan. ISO rẹ̀ lọ dé 1600, ṣùgbọ́n láti 800 lọ, fótò a máa dà bí ẹni pé wọ́n wọ́n gààrí sí i. Ibi tí fíláàṣì wúlò jù ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lérò: ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn tàbí fèrèsé bá wà lẹ́yìn ẹni tí ẹ fẹ́ yà.

Ọ̀rọ̀ kádì kò pọ̀. SD tàbí SDHC ni ó ń lò, nítorí náà ẹ má ra èyí tí ó ju GB 32 lọ.

IṢẸ́ ṢÍṢE

Kí ẹ tó gbé e lọ sí òde ẹnikẹ́ni, ẹ ní kí ẹnìkan nínú ilé wọ aṣọ funfun, kí ó dúró síwájú ògiri funfun, kí ó kọjú sí fèrèsé. Ẹ yí kámẹ́rà sí P, ẹ pa fíláàṣì. Ẹ ya ọ̀kan ní 0, ọ̀kan ní +2/3, ọ̀kan ní +1. Lẹ́yìn náà, kí ó wọ aṣọ dúdú níwájú aṣọ ìkélé dúdú, kí ẹ sì ya ọ̀kan ní 0, ọ̀kan ní -1/3, ọ̀kan ní -2/3. Ẹ wò wọ́n lójú kọ̀ǹpútà, nítorí síkírìnì kékeré tí ó wà lẹ́yìn kámẹ́rà a máa tan ènìyàn jẹ. Ẹ kọ nọ́ńbà tí ojú ti hàn jù sórí ìwé pélébé, kí ẹ fi sínú àpò kámẹ́rà.