Jẹjẹrẹ Ọpọlọ: Ìlẹ̀kùn tí Kò Ṣeé Tì

Ní National Hospital, Àbújá, tí ìjọba àpapọ̀ ṣí ní ọdún 1999, àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti àwọn dókítà tí ń fi ìtànṣán wo jẹjẹrẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Lára àìsàn tí ó ń dán irú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀ wò jù lọ ni jẹjẹrẹ ọpọlọ tí à ń pè ní glioblastoma. Kí ló mú un le tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé ṣe àpèjúwe. Ìlẹ̀kùn wà lára sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ara. Èròjà tí ń mú ara dàgbà ni òjíṣẹ́ tí ń kan ìlẹ̀kùn náà. Bí sẹ́ẹ̀lì bá gbọ́, yóò pín sí méjì. Ìwádìí lórí irú èròjà bẹ́ẹ̀ ni Stanley Cohen àti Rita Levi-Montalcini fi gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1986. Bí òjíṣẹ́ bá ti jíṣẹ́ tán, ilé a pa rọ́rọ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú glioblastoma. Ìlẹ̀kùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ EGFR máa ń pọ̀ rékọjá ààlà lára nǹkan bí aláìsàn 4 nínú 10. Nígbà mìíràn, ó tilẹ̀ ti gé kù, tí ó fi ń dún láìsí ẹni tí ó kàn án.

Ǹjẹ́ kí a sáà tì í pa? Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. Erlotinib àti gefitinib, tí ó wúlò fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan, kò mú ẹ̀mí àwọn aláìsàn wọ̀nyí gùn. Odi kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ oògùn kọjá. Bí a bá sì dí ihò kan, jẹjẹrẹ a gba òmíràn. Bevacizumab ńkọ́, tí ń dènà èròjà tí ń hu iṣan ẹ̀jẹ̀ fún kókó náà? Ó lè dín wíwú ọpọlọ kù, ṣùgbọ́n ìwádìí ńlá méjì tí ó jáde ní ọdún 2014 fi hàn pé kò fi kún ọjọ́ ayé àwọn tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára wọn.

Ìdí nìyí tí a fi ṣì gbára lé iṣẹ́ abẹ, ìtànṣán àti oògùn temozolomide. Ìwádìí ọdún 2005 fi hàn pé nínú 100 aláìsàn tí ó gba ìtànṣán nìkan, nǹkan bí 10 ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún méjì. Nígbà tí wọ́n fi temozolomide kún un, iye náà di 26.

Orí fífọ́ tí ń le sí i láràárọ̀ pẹ̀lú èébì, gìrì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára àgbàlagbà, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan tí ń rọ: ẹ má ṣe kọ́kọ́ wá ọ̀tá tí ó wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú orí lè fi kókó hàn, ṣùgbọ́n díẹ̀ tí dókítà bá gé lára kókó náà fún àyẹ̀wò ló ń sọ irú èyí tí ó jẹ́.