Kẹ́ẹ̀gì omi méjì àti orúnkún mi

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, èmi ni mo sì máa ń gbé omi lọ fún màmá àgbà lókè pátápátá. Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ mi gbọ̀n lórí àtẹ̀gùn, omi dà sílẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú lu àbúrò mi. Bẹ́ẹ̀ mo máa ń lóṣòó dìde láràárọ̀ o! Àmọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì la fi ń lóṣòó. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan la fi ń gun àtẹ̀gùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ lunge.

Ẹ rọ omi kún kẹ́ẹ̀gì lítà 5 méjì. Lítà omi kan wúwo tó kílò 1, nítorí náà kílò 5 ló wà lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú dáadáa, kẹ́ ẹ rọra lọ sílẹ̀ títí orúnkún ẹ̀yìn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Gìgísẹ̀ iwájú ò gbọdọ̀ gbéra. Òun lẹ máa fi ti ara yín dìde. Tèmi ń gbéra tẹ́lẹ̀, orúnkún sì ń dùn mí.

Iṣan iwájú itan àti ti ìdí ló ń ṣiṣẹ́ jù. Bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sílẹ̀, wọ́n ń nà bí wọ́n ṣe ń di ẹrù mú; ìyẹn ló sábà máa ń jẹ́ kí itan ro yín lọ́jọ́ kejì. Ẹ má fòyà. Àmọ́ tó bá jẹ́ inú orúnkún ló ń ta yín, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Ọwọ́ òfìfo lèmi gan-an fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹjọ lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.